Àgbá Tó Bá Kọ̀ Kò Tíì Kú

Bí àwọn ọmọ àdúgbò mi ní Ìkàrẹ́ bá ti ń yin bángà nígbà ọdún, mo máa ń gbé àga síta, mo sì máa ń kà á. Wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tan márùn-ún, tí mẹ́rin dún, tí ọ̀kan nínú wọn wá ń yọ́ lọ wo ohun tó ṣe ìkarùn-ún, n ó pariwo mọ́ ọn débi pé ìyá rẹ̀ yóò jáde síta. Wọ́n á ní mọ́mì tíṣà ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú mi ní ìtàn nídìí.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ kíkà yẹn. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ní Ọ̀kà, lórí òkè níbi tí àpáta ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Orí àpáta la ti ń sá ẹ̀gẹ́, orí rẹ̀ la ti ń ṣeré, orí rẹ̀ náà la ti ń jà. Ọkọ́ àti àdá ló ń rọ jẹun, ṣùgbọ́n àgbá yínyìn ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ káàkiri Àkókó. Àgbá tí mò ń wí yìí kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Ìkòkò irin tó nípọn ni, kò ga ju orúnkún lọ, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sókè. Wọn a ki ẹ̀tù sí i, wọn a wá fi òwú gígùn kan tí wọ́n ti fi ẹ̀tù pa lára há sí ihò tó wà nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ méje ni wọ́n fẹ́ yìn, òwú kan náà ni yóò ti ọ̀kan dé èkejì, kí iná lè máa rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ bá ìkejì. Bí arúgbó bá kú, tí ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sì ká a, bàbá mi ni wọ́n máa ń wá pè.

Àgbá àwọn ẹlòmíràn, ariwo lásán ni. Ti bàbá mi a kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà iná pupa rúsúrúsú a tú sókè, a dúró díẹ̀ lókè bí ẹni tí kò fẹ́ lọ sílé, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kán, ó ń kán, títí yóò fi kú pátá lójú wa. Ẹkún ni wọ́n ń pè é. Àwọn obìnrin tó ti ń pariwo láti àárọ̀ a dákẹ́ bí wọ́n bá rí i. Mo ti rí ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń bo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó jẹ́ ìgbà tí àgbá bàbá mi sunkún ni òun náà tó bú sẹ́kún.

Àwọn èèyàn sọ pé oògùn ni. Mo mọ oògùn náà dáadáa: asẹ́ gàrí ìyá mi ni. Bí bàbá mi bá ti ń fi fáìlì pọ́n àdá, èmi ni mo ń gbá ẹ̀rún irin tó bá já sílẹ̀ jọ. Yóò wá yọ́ kẹ́lẹ́ wọ ilé ìdáná, yóò mú asẹ́, yóò fi sẹ́ ẹ. Èyí tó bá kúnná jù, iná rẹ̀ kì í pẹ́ kú, kò ní ga ju òrùlé lọ. Èyí tó bá ní hóró díẹ̀ ló ń gbé iná rẹ̀ lọ sókè, tí yóò sì máa jó bọ̀ wálẹ̀. Ó máa ń da èédú tí wọn kò gún kúnná mọ́ ọn, èédú tó ń ti Epinmi wá, torí òun náà kì í tètè kú lójú ọ̀run. Ó wá máa ń fi àdín pa ẹ̀rún irin yẹn lára kó má baà dípẹtà. Ó ní irin tó bá ti dípẹtà ti jó tán láìsí iná, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Mo dé yunifásítì kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ gan-an ló sọ. Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í bá a sọ ti sáyẹ́ǹsì. Á ní, "Bàbá ilé, ṣé irin lẹ fẹ́ ká máa mu pẹ̀lú omi tútù ni?"

Bàbá mi kò bẹ̀rù iná, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Igi ló fi ń ki ẹ̀tù, kì í jẹ́ kí irin kàn án, torí irin tó bá gbún irin lè ta iná. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na orí kọjá ẹnu àgbá, ì báà jẹ́ òfìfo. Ẹni tó bá wọ aṣọ tẹ́rílìn wá, á ní kó lọ bá àwọn èrò lọ́hùn-ún, torí aṣọ òwú a máa jó, ṣùgbọ́n tẹ́rílìn a máa yọ́ mọ́ni lára. Á ju iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sókè láti fi wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, á sì lé gbogbo ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kúrò, ìjòyè o, ẹbí olókùú o. Ṣùgbọ́n kíkà ló fọwọ́ dan-in dan-in mú jù. Iye àgbá tó bá fẹ́ yìn, iye ekùrọ́ náà ni yóò kó sínú àpò ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá dún, á mú ekùrọ́ kan, á sọ ọ́ sí àpò òsì. Bí àpò ọ̀tún bá ṣófo, ó parí nìyẹn, ó lè lọ kó àgbá rẹ̀. Bí ekùrọ́ kan bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀. Á jókòó, á yọ orógbó, á jẹ ẹ́ tán láìkánjú. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa mú ọparun gígùn kan tí wọ́n ti lu inú rẹ̀ já, á dúró lókèèrè, á sì gba inú rẹ̀ da omi sí àgbá tó ya olóríkunkun yẹn. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò kàn lọ wò ó.

Ó ní, "Àgbá tó bá kọ̀, éè tíì kú, Yèyé mi. Ó ń ronú ni."

Yèyé mi ló ń pè mí láti kékeré, torí ìyá rẹ̀ kú nígbà tí oyún mi ti wà nínú, wọ́n sì ní òun ló padà wá. Ó lè bú mi, ṣùgbọ́n kò nà mí rí láyé mi. Ta ni yóò na ìyá rẹ̀? Ohun mìíràn tí mo tún ń rántí ni pé kì í wọ bàtà bó bá ń yin àgbá. Á bọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á dúró sórí àpáta pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, á sì tẹ orí ba. Mo rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún òkú ni. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà, kẹ́ ẹ má baà máa rò ó káàkiri bí èmi náà ṣe rò ó: etí bàbá mi ti di. Ìró òòlù àti ti àgbá ni wọ́n jọ pa á, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ìyá mi pàápàá. Ẹnu ènìyàn ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí à ń sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ àgbá. Bí àgbá bá dún lórí àpáta, àpáta a máa mì, ìmìtìtì yẹn ló sì ń bá a ka ekùrọ́ rẹ̀. Ta ni yóò pe ayinàgbá tí kò gbọ́ràn? Ohun tó ń pa mọ́ nìyẹn, èmi tí mo pe ara mi ní Yèyé rẹ̀ kò sì mọ̀.

Nígbà tí mo ti di tíṣà kẹ́mísírì ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkàrẹ́, ní àkókò tí àwa àti Èkìtì ṣì jọ wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, ilé-ìwé wa fẹ́ ṣe ayẹyẹ. Pírínsípà wa ti lọ sókè òkun rí, ó ti rí i bí wọ́n ṣe ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọ́n ra bángà wá, ó kàn ń dún gbàù gbàù, kò ní àwọ̀ kankan. Pírínsípà wá kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ni kẹ́mísírì, àbí?" Mo ti yá ẹnu jù ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Mo dáhùn pé ti bàbá mi ju ti òkè òkun lọ.

Bàbá mi wọ mọ́tò wá sí Ìkàrẹ́. Mo mú un wọ láàbù, mo tan àtùpà sípíríìtì, mo fi wáyà bọ iyọ̀, mo sì fi í sínú iná. Iná náà pọ́n bí ẹyin ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fọ́. Mo tún mú ohun tó ní bàbà nínú, iná náà sì di aláwọ̀ ewé. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré. Ó ní òun ti rí àwọ̀ ewé yẹn rí nínú iná àgbẹ̀dẹ, lọ́jọ́ kan tí òun ń yọ́ bàbà, òun sì rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Inú mi dùn débi pé mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀ lọ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Kò dá mi lóhùn. Mo rò pé iná ló ń wò.

A fi fáìlì rẹ̀ fá ẹ̀rún láti ara wáyà bàbà inú rédíò ilé-ìwé tó ti bàjẹ́. A ṣètò àgbá mẹ́wàá: méje tí yóò sunkún, mẹ́ta tí yóò ní àwọ̀ ewé, a sì fi ọ̀kan aláwọ̀ ewé parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi lọ. Mo sì ra bàtà fún ayẹyẹ náà ní ọjà Ìkàrẹ́: bàtà gogoro funfun, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga, ó sì wúwo bí òòlù kékeré. Mo ti fi yan níwájú àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kí ọjọ́ náà tó pé.

Òjò rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ. Pápá ilé-ìwé wa kì í ṣe àpáta. Ilẹ̀ rírọ̀ ni, wọ́n sì tún ti da iyanrìn tuntun sí i kó má baà yọ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, bàbá mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó tẹ ilẹ̀ náà. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó tún gbé èkejì, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Mo rò pé ẹrẹ̀ ló ń rí i lára. Ó ri àwọn àgbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ìdajì, ó ju iyẹ̀pẹ̀ sókè, ó lé pírínsípà fúnra rẹ̀ kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ó kó ekùrọ́ mẹ́wàá sí àpò ọ̀tún. Ó fi iná sí òwú, ó rìn padà, ó sì tẹ orí ba.

Mo ń kà lẹ́nu, ó ti mọ́ mi lára. Ọ̀kan dún, ó sunkún. Èjì. Ẹ̀ta ní àwọ̀ ewé, ariwo àwọn ọmọ ilé-ìwé sì gba ìlú. Mo ń wo ọwọ́ bàbá mi: ekùrọ́ ń kúrò ní ọ̀tún, ó ń lọ sí òsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń pẹ́ díẹ̀, ó ń ṣiyèméjì. Nígbà tí ìkẹsàn-án dún, tí ẹkún rẹ̀ ga ju ti gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ, gbogbo ọmọ ilé-ìwé fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi pàápàá mọ̀ ọ́n lára nínú bàtà gogoro mi pé ilẹ̀ mì. Bàbá mi mú ekùrọ́ tó kẹ́yìn, ó sọ ọ́ sí àpò òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí àgbá rẹ̀ wà.

Mẹ́sàn-án ló dún.

Mo pè é. "Bàbá!" Mo tún pè é. Ohùn tí mo fi ń pa kíláàsì mẹ́ta lẹ́nu mọ́ ni mo fi pè é, kò sì wẹ̀yìn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé mò ń yìn ín ni, àwọn náà bá mi pe "Bàbá! Bàbá!" wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Mo sáré, gìgísẹ̀ bàtà mi wọlẹ̀ ṣìnkún. Ìgbà yẹn ló yé mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àpáta, ẹsẹ̀ lásán, ìdákẹ́jẹ́ inú láàbù, fífò àwọn ọmọ tó kà sí ìkẹwàá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu àgbá náà. Mo fa bàtà kan yọ, mo sọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀kà ni mí. Òkúta la fi ń já máńgòrò níbẹ̀, ọwọ́ mi kì í sì í tàsé. Bàtà náà bà á láàárín ẹ̀yìn, ó dún bí ẹni lu àpò àgbàdo. Ó yípadà. Mi ò rí ojú bẹ́ẹ̀ rí lára bàbá mi. Ó mú bàtà náà nílẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá bá mi, ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ìgbà náà ni àgbá kẹwàá ronú tán.

Kò gbọ́ ọ. Ó kàn rí i pé ojú mi àti aṣọ funfun ọrùn mi di àwọ̀ ewé. Ó dúró. Ó ki ọwọ́ bọ àpò òsì, ó kó ekùrọ́ jáde, ó kà á ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mẹ́wàá pé. Ó wò mí, èmi náà wò ó.

Iná kẹwàá yẹn rẹwà débi pé gbogbo ènìyàn gbójú sókè, kò sẹ́ni tó rí i pé ikú ló kọjá lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé tíṣà kẹ́mísírì sọ bàtà lu bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ní ilẹ̀ Àkókó! Mọ́tò tó gbé wa padà kò tíì gun òkè Ọ̀kà tán tí ọ̀rọ̀ náà ti délé ṣáájú wa. Nínú mọ́tò yẹn, bàbá mi tẹ̀ sí etí mi. "Yèyé mi, dákun, má sọ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ga ju bó ṣe rò lọ. Mo ní mi ò ní sọ.

Àwọn ẹbí pe ìpàdé. Mo kúnlẹ̀ lórí àpáta náà gan-an, ó gbóná fún orúnkún mi. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní inú ló bí mi. Wọ́n ní inú tó bíni báwo? Bàbá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ibòmíràn, kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó dàgbà jù nínú ilé wa, ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ta la sọ pé ọmọ yìí í ṣe? Ṣé kì í ṣe ìyá wa ni? Ìyá sọ bàtà lu ọmọ rẹ̀, kí ló kàn yín níbẹ̀? Ó ti lù ú rí, ojú mi ló ṣe." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ra obì, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bínú sí bàbá mi. Ó dùn mí pé ó lè jókòó níbẹ̀ kí n máa kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀mí rẹ̀, kó má sì la ẹnu kan. Mo padà sí Ìkàrẹ́, mi ò gun òkè náà mọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Bí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ṣe aláìgbọràn, ọ̀kan nínú wọn á sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn pé, "Ẹ ṣọ́ra, ó ti fẹ́ bọ́ bàtà." Bàtà kan ṣoṣo ló sì kù lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá mi ránṣẹ́ pé bàbá mi kò lọ yin àgbá níbikíbi mọ́. Bí wọ́n bá wá pè é, á ní ìbàdí ń dun òun. Ó ti dá asẹ́ òun padà, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ìyẹn ló sì ba ìyá mi lẹ́rù jù. Mo wọ mọ́tò.

Mo bá a nínú àgbẹ̀dẹ. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó jókòó níwájú ọkùnrin kan tó ti Àkùngbá wá, tí ìyá rẹ̀ kú, tó fẹ́ kó wá yin àgbá méje. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lókè ibi tí àwọn òòlù rẹ̀ ti ń fi ara kọ́, lórí ìṣó kan tó hàn pé bàbá mi dìídì rọ nítorí rẹ̀, bàtà gogoro mi wà níbẹ̀, ó ti nù ún, ó ti fi àdín pa á títí ó fi ń dán.

Àlejò náà rí i. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bàtà obìnrin lẹ wá fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ àgbẹ̀dẹ báyìí?"

Bàbá mi wo ẹnu rẹ̀ títí tó fi sọ ọ́ tán.

"Etí mi ni," ló wí. "Èyí tó wà lórí mi ti kú tipẹ́, n kò kàn sọ ni. Lọ bi ẹni tó ni bàtà yẹn, ní Ìkàrẹ́. Bó bá gbà láti dúró tì mí, n ó wá. Bí kò bá gbà, éè sí àgbá."

Mo rìn yí wọn ká, mo dúró níwájú rẹ̀ níbi tí yóò ti rí ẹnu mi dáadáa, mo sì bi àlejò náà pé ọjọ́ wo ni ìsìnkú.